Bí Ẹ̀yà Ẹ̀fọn Kan Ṣe Di Méjì

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ẹ̀yà ẹ̀dá tuntun a máa ti ara ẹ̀yà àtijọ́ yọ lè rò pé ìtàn egungun inú àpáta nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn tí ń kùn létí wa lóru tó fi ṣe ẹ̀rí.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri jùlọ nílẹ̀ wa ni Anopheles gambiae. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ pín in sí méjì. Apá kan ń jẹ́ orúkọ àtijọ́. Wọ́n sọ èkejì ní Anopheles coluzzii, ní ìrántí Mario Coluzzi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú kò lè dá àwọn méjèèjì mọ̀ yàtọ̀, àfi kí a yẹ àbùdá inú wọn wò, èyíinì ni ohun tí òbí fi ń lé ọmọ lọ́wọ́.

Kí ni ó wá yà wọ́n? Omi ni. Inú ọ̀gọ̀dọ̀ òjò, bí ojú ipa ọkọ̀ tàbí ẹsẹ̀ màlúù, ni gambiae fẹ́ràn láti yé ẹyin sí. Omi bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ. Tanwíjí tí ó bá fi ìdàgbàsókè falẹ̀, oòrùn ni yóò pa á. Coluzzii ń yé sínú omi tí ó pẹ́ nílẹ̀, bí oko ìrẹsì. Ọ̀dá kì í dé ibẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò omi tí ń dọdẹ tanwíjí kún ibẹ̀.

Ẹ̀fọn kì í kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́gbọ́n. Nínú ìran kọ̀ọ̀kan ni àyípadà kéékèèké ń wọ inú àbùdá, bí ìgbà tí adàwékọ ṣi lẹ́tà kan kọ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò wúlò, òmíràn ń pani. Èyí tí ó mú tanwíjí yára dàgbà ń gbèrú nínú ọ̀gọ̀dọ̀. Èyí tí ó mú un mọ bí a ti ń sá fún ọ̀tá ń gbèrú nínú oko ìrẹsì. Àgbẹ̀ mọ irúgbìn tí òun ń ṣà. Omi kò mọ nǹkan kan, síbẹ̀ ó ń ṣà. Nígbà tí àwọn olùwádìí dán èyí wò ní Burkina Faso, coluzzii ni ó yè jù nínú omi oko ìrẹsì tí ọ̀tá wà.

Bí wọ́n bá ń gun ara wọn bí ó ti wù wọ́n, ìyàtọ̀ náà ìbá ti pòórá. Ṣùgbọ́n ní àṣálẹ́, nígbà tí àwọn akọ bá ń jó lójú òfuurufú de abo, ọ̀tọ̀ ni agbo ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní àwọn ibì kan ní Mali. Nínú ilé ìwádìí, wọn a gun ara wọn, ọmọ wọn a sì bímọ. Nínú igbó, àdàlù ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ibi púpọ̀. Nǹkan bí ẹyọ kan nínú 100 ni. Ààlà náà kò tíì di ògiri, a sì ń jìyà rẹ̀: ihò kékeré yìí ni àbùdá tí kò jẹ́ kí oògùn apakòkòrò pa gambiae gbà dé ọ̀dọ̀ coluzzii. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fi sí àwọ̀n ẹ̀fọn tí à ń sùn sí.

Dídí kòtò iwájú ilé lẹ́yìn òjò dára, ó sì lè dín gambiae kù. Ní Auyo, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, níbi tí wọ́n ti ń fi omi odò bomi rin oko ìrẹsì, coluzzii ni àwọn olùwádìí bá, púpọ̀ nínú wọn kò sì kú nígbà tí oògùn kàn wọ́n.