Irun tó ń já lábẹ́ irin gbígbóná: omi tó kù nínú rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò

Lọ́jọ́ Sátidé ní Sango-Ọ̀tà, yálà ní ìtòsí abẹ́ afárá tàbí lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ṣàṣà ni ṣọ́ọ̀bù onídìrí tí ẹ máa yà sí tí ẹ kò ní í bá èrò lórí bẹ́ǹṣì. Ìsìn ọjọ́ Sunday ti dé tán, orí gbọ́dọ̀ dára. Bí ẹ bá tẹ́tí sílẹ̀, ẹ máa gbọ́ ìró kékeré kan: onídìrí á fi irin ìna irun mú ìwọ̀nba irun díẹ̀, á fà á wálẹ̀, irun á dún "ṣáà", èéfín funfun á sì rú jáde. Ọ̀pọ̀ oníbàárà gbà pé àmì pé irin náà mú nìyẹn. Lóòótọ́, ìpara tí wọ́n fi sórí lè rú èéfín díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irun bá ti dún ṣáà, omi ló ń hó nínú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ irun jíjá ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Irun tó ti yọ síta láti awọ orí kò ní ẹ̀mí mọ́. Bí awọ bá bó, ó lè jiná. Irun tó bá ti bàjẹ́ kò lè wo ara rẹ̀ sàn. Purotéènì tí wọ́n ń pè ní kẹ́rátìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èèpo tín-ín-rín tó gorí ara wọn bí ìpẹ́ ẹja ló sì bò ó lẹ́yìn. Oríṣi ìdè méjì ló di kẹ́rátìn yìí mú tó kàn wá lónìí. Ọ̀kan ni ìdè háídrójìn. Kò lágbára: omi lè tú u, ooru náà lè tú u, bí irun bá sì ti gbẹ tàbí tó tutù, á tún di padà bí wọ́n ṣe tẹ́ irun náà sílẹ̀. Ìdè kejì jẹ́ ti imí-ọjọ́. Òun le koko, ooru irin lásán kò rí i tú bẹ́ẹ̀. Kẹ́míkà líle bíi rìláásà ló ń já a, ìdí sì nìyẹn tí irun tó gba rìláásà kì í fi í ká padà títí tuntun á fi hù láti ìsàlẹ̀.

Irun tí wọ́n fi irin nà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdè háídrójìn nìkan ni irin tú, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ sì lè tú u padà. Ọ̀tà kò jìnnà sí Èkó àti òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í gbẹ, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ tún wo àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu tó wà lágbègbè náà, tí wọ́n ní láti fi nẹ́ẹ̀tì bo orí láti ìgbà tí wọ́n bá ti wọ ẹnu iṣẹ́. Òógùn abẹ́ nẹ́ẹ̀tì náà omi ni. Kí iṣẹ́ tó parí, ìdí irun tó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárọ̀ á ti ká padà. Kí ni wọ́n máa ń ṣe? Wọ́n á tún tan irin lọ́jọ́ kejì, kí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó dé. Irun tí onídìrí nà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹni tó ni ín lè ti nà án lẹ́ẹ̀mẹrin sí i nílé, kò sì ní í kà á mọ́ ọn.

Báwo ni ooru tó ń ba irun jẹ́ ṣe pọ̀ tó? Ó dá lórí bóyá irun náà gbẹ tàbí ó tutù. Irun tó gbẹ dáadáa, bí wọ́n bá gbóná rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú láàbù, kẹ́rátìn inú rẹ̀ á fara dà á dé nǹkan bí 230°C kó tó yọ́. Bí irun kan náà bá wà nínú omi, nǹkan bí 150°C ti tó láti ba á jẹ́. Ọ̀pọ̀ irin ìna irun ló sì ń dé 200°C sí 230°C. Èyí tó dáa nínú wọn ní nọ́ńbà tí ẹ lè yí sókè sódò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lọ́jà kò ní ju bọ́tìnnì kan lọ: ó tàn tàbí kò tàn.

Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn dókítà awọ ara ti ṣàpèjúwe ohun tí omi àti ooru ń ṣe nígbà tí wọ́n bá pàdé lójijì. Omi inú irun á di ooru omi, kò níbi tó máa gbà jáde, á wá fẹ̀ láti inú, á sì lu ihò ròbòròbò sínú irun. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ihò náà hàn kedere. Lójú lásán, ohun tí ẹ máa rí ni irun tó le gbandi, tí kò tẹ̀ mọ́, tó ń kán bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ rí i pé dráyà tó bá gbóná dé 175°C lè fa ihò yìí, ẹ̀mú ìká irun tó gbóná dé 125°C péré náà sì lè fà á bí ó bá pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan lójú kan. Irin ilé yín gbóná ju ìyẹn lọ dáadáa.

Irun tiwa tún ní ìṣòro tirẹ̀. Kò rí róbótó. Ó fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ń lọ́ bó ṣe ń gùn, gbogbo ibi tó bá ti ṣẹ́rí padà ni ibi tó ti rọrùn jù láti kán. Epo tí awọ orí ń mú jáde kì í rọ́nà gba àwọn ibi tó ṣẹ́rí wọ̀nyí dé ṣóńṣó. Bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè hù. Nínú ìwádìí kan tí olùwádìí Loussouarn gbé jáde ní 2001, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tó wá láti ìwọ̀ oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, irun wọn ń gùn ní nǹkan bíi mìlímítà 0.26 lóòjọ́, nígbà tí ti àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n fi wé wọn ń gùn ní 0.40. Ìyẹn kò pé sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù fún tiwa. Bí irin bá já sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sọnù, nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ni yóò gbà kó tó dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, bí òmíràn kò bá tún já láàárín ìgbà náà.

Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kún un, nítorí mo rò pé òun ni kò jẹ́ kí ìmọ̀ràn tí wọ́n ń kọ nílẹ̀ òkèèrè bá Sango mu. IBEDC ló ń pín iná fún Ọ̀tà, kò sì sí onídìrí tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná kò ní lọ kí òun tó ṣe orí kan tán. Bí iná bá lọ, ó di jẹnẹrétọ̀. Dráyà alọ́wọ́ ń jẹ iná tó tó wáàtì 1,500 sí 2,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour" kò lè gbé ju nǹkan bí 650 sí 800 lọ. Ẹ ki dráyà bọ̀ ọ́, á kú mọ́ ọn yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n irin ìna irun kò jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré á gbé e láìjanpata. Ẹ wo ibi tó já sí: ohun tó yẹ kó gbẹ irun kò ṣeé tàn, ohun tó lè sun ún ló ṣeé tàn. Oníbàárà sì ti jókòó, orí rẹ̀ ṣì tutù, aago ń lọ, èrò ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. N kò dá onídìrí lẹ́bi bó bá wù ú láti fi irin parí iṣẹ́ dráyà. Oníbàárà ló yẹ kó sọ pé òun á dúró.

Dídúró yẹn kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ ki ìka sí ìdí irun níbi ìpàkọ́, níbi tó ti ṣù jọ jù, nítorí ibẹ̀ ló ń gbẹ kẹ́yìn. Bó bá ṣì tutù lọ́wọ́, kò tíì yá fún irin, bí òkè orí tilẹ̀ ti gbẹ táútáú. Bí irin bá sì kan irun, tó dún ṣáà, kí onídìrí gbé e kúrò.

Ní ti dráyà, kì í ṣe ọ̀tá irun bí àwọn kan ṣe ń pè é. Àwọn olùwádìí kan ní Kòríà gbé àbájáde kan jáde ní 2011: bí wọ́n bá gbé dráyà jìnnà sí irun tó sẹ̀ǹtímítà 15, ooru tó ń kan irun jẹ́ nǹkan bí 47°C, ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó di 61°C, ní sẹ̀ǹtímítà 5, ó fò dé 95°C. Bí ó ṣe ń sún mọ́ ni èèpo irun ń bàjẹ́ sí i. Ohun tó ya èmi lẹ́nu ni pé irun tí wọ́n fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀ náà kò lọ láìfarapa, nítorí omi pẹ́ nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbẹ láti òkèèrè, tí wọn kò dá ọwọ́ dúró lójú kan, ló ṣe dáadáa jù. Irun Kòríà ni wọ́n lò o, kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 15 láàárín dráyà àti orí kò ná ẹnikẹ́ni lówó.

Ọ̀rọ̀ ìpara náà wà ńbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi òrí tàbí àdín àgbọn pa irun ṣìbáṣìbá kí wọ́n tó gbé irin lé e, wọ́n ní kó má baà jó. Àdín àgbọn wúlò: ìwádìí tí Rele àti Mohile ṣe ní Íńdíà, tó jáde ní 2003, fi hàn pé ó ń dín purotéènì tí irun ń pàdánù kù nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́. Kí ẹ tó fọ irun ni kí ẹ fi sí i nìyẹn. Lábẹ́ irin, epo púpọ̀ á gbóná pẹ̀lú irun ni. Ìpara tí wọ́n ṣe nítorí ooru máa ń ní èròjà sílíkóònù nínú, ẹ máa rí dimethicone lára páálí rẹ̀. Ó ń bo irun tín-ín-rín, kì í jẹ́ kí ooru wọlé kíákíá. Ó ń dín ìpalára kù, kò mú un kúrò pátápátá. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi irin na irun dúdú má ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, kó sì lo irin tí ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀rámíìkì. Irun tó ti gba rìláásà ti pàdánù lára ìdè imí-ọjọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ooru tó kéré ju ti ẹlòmíràn lọ ló yẹ kó kàn án, kó má sì jẹ́ ọjọ́ kan náà tó gba rìláásà.

Àwọn ìyá wa sì ti ń na irun láìfi iná kàn án. Fọ́tò irun kíkó àti irun dídì kún inú iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun àwọn obìnrin lọ́dún 1968, tó sì ṣe é títí ó fi dàgbà. Ó kú ní 2014. Òwú dúdú tí wọ́n fi ń kó irun nínú àwọn fọ́tò náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí irin ń ṣe. Irun tó tutù díẹ̀ ti tú ìdè háídrójìn rẹ̀. Wọ́n á fi òwú wé e láti ìdí dé ṣóńṣó, á gbẹ mọ́jú bó ṣe nà yẹn, ìdè á sì di padà nínú ìnà. Bí ẹ bá tú u láàárọ̀, irun ti gùn, kò sí ihò nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó bẹntiróòlù. Kí onídìrí má kàn fà á le jù. Irun tó bá mú kí ẹ gbé oògùn orí fífọ́ mì kí ẹ tó sùn ti ń fa gbòǹgbò tu níwájú orí àti lẹ́bàá etí, ibi tó bá sì pá níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè má hù mọ́.

Omi gbígbóná tí wọ́n máa ń ki ṣóńṣó irun aláàtáṣímẹ̀ǹtì bọ̀ ńkọ́? Òun kò fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù ní ti irun jíjá, torí omi tó ń hó kò kọjá 100°C, ṣóńṣó àtáṣímẹ̀ǹtì ló sì sábà máa ń kàn. Ẹ̀yìn oníbàárà ni kí wọ́n ṣọ́. Kí onídìrí fi aṣọ tó nípọn bo èjìká rẹ̀, kó sì fún irun náà kí ó tó jù ú sílẹ̀.

Ó kù ohun kan tí a kò gbọ́dọ̀ di ru irin. Irun tó já kúrú, orí rẹ̀ méjèèjì sì tín-ín-rín. Irun tó bọ́ láti ìdí máa ń gùn, kókó funfun kékeré á sì wà ní ìdí rẹ̀. 50 sí 100 irú rẹ̀ lóòjọ́ kò ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí àtàrí bá ń fúyẹ́, tó sì ń fẹ̀ yíká díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ní 1968, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe èyí lára àwọn obìnrin dúdú, wọ́n ní ìpara tí kóòmù gbígbóná yọ́ ló ń ṣàn wọ gbòǹgbò irun, wọ́n sì fi orúkọ kóòmù náà pe àìsàn ọ̀hún. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé obìnrin tí kò lo kóòmù gbígbóná rí náà ń ní in. CCCA ni wọ́n ń pè é báyìí, ìwádìí kan tó jáde ní 2019 nínú New England Journal of Medicine sì rí àléébù nínú jíìnì PADI3 lára àwọn kan tó ní in. Ìyẹn ni pé ìyá àti ọmọ lè jọ ní in, kí wọ́n sì máa dá onídìrí kan náà lẹ́bi. Àpá ni àìsàn yìí ń dá sínú awọ orí, irun kì í sì hù lójú àpá, nítorí náà ẹni tó bá rí i kó tètè lọ rí dókítà awọ ara nígbà tí ibi tó pá ṣì kéré. Láti Sango, ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà ló sún mọ́. Ẹni tó wà lápá Ìfọ̀ lè gba Abẹ́òkúta lọ sí ilé ìwòsàn FMC. Kó má ṣe na irun náà lọ́jọ́ yẹn, kí dókítà lè rí i bó ṣe rí.