Ìdí Tí Fóònù Fi Ń Kọ Ọ́pùdéètì

Oníbàárà ti yan àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ó ní òun ti tiránsífà owó. Ìyá aláṣọ ṣí ápù báǹkì láti wò ó bóyá owó ti wọlé, ápù ní òun ò ní ṣí àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ ọ́pùdéètì òun. Ó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan roboto kan ń yí lójú fóònù, ó yí títí, ó ní kò ṣeé ṣe. Kóòdù báǹkì, irú *737# tàbí *894#, lè yọ ìyá lójú ẹsẹ̀ torí kò nílò ápù, kò sì nílò dátà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ápù ṣì wà nílẹ̀, ìmọ̀ràn tí yóò sì kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ìsọ̀ ni pé kó pa á rẹ́, kó tún un gbé sórí fóònù. Ìmọ̀ràn yẹn máa ń dùn mí, torí ohun tó yẹ kó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ṣíwájú.

Ìrìn ni ọ́pùdéètì. Fóònù á kọ́kọ́ bá Play Store sọ̀rọ̀, á gbé fáìlì wálé, á yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni yóò fi í rọ́pò ti àtijọ́. Ibi tó bá ti dúró lójú ọ̀nà ni kí a wá a lọ.

Tó bá jẹ́ pé kò tilẹ̀ gbéra, ẹ wo déètì àti aago orí fóònù. Kí fóònù tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ Play Store, á béèrè ìwé ẹ̀rí pé Play Store gan-an lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé ẹ̀rí náà ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ọjọ́ tí yóò parí. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́ lè jí kó máa pe ọdún yìí ní 2015. Lójú tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò sì kọ̀ ọ́. Ẹ wọ Settings, ẹ tan Automatic date and time, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá yín tún un ṣe.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ gba àkókò wa púpọ̀. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sọ́dọ̀ wa bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, kò sí ohun tí ará Abẹ́òkúta kan lè tẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ tó lè tún un ṣe. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí Play Store kọ Pending, kó sì dúró síbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ápù mìíràn ló wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti pàṣẹ fún Play Store pé Wi-Fi nìkan ni kó máa lò, bẹ́ẹ̀ dátà orí láìnì ni onífóònù ń rà. Nínú Settings Play Store, ẹ yí i sí Over any network.

Àìsí àyè ló ń dá ọ̀pọ̀ ọ́pùdéètì dúró, pàápàá lórí àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Wọ́n kọ 32 GB sára páálí, ṣùgbọ́n Android àti àwọn ápù tó bá fóònù wá ti jẹ púpọ̀ níbẹ̀ kí a tó gbé e délé. Ápù tí wọ́n kọ 60 MB sí lára kì í sì í gba 60 MB péré. Fáìlì tí fóònù gbé wálé ń gba àyè, ohun tó tú jáde látinú rẹ̀ ń gba àyè, èyí tó tún tò kí ápù lè yá náà ń gba tirẹ̀. Ti àtijọ́ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, torí Android kì í wó ilé ògbólógbòó kí tuntun tó dúró. Ìdí nìyẹn tí ọ́pùdéètì tó kùnà kì í sábà ba ápù tó wà tẹ́lẹ̀ jẹ́. Mẹ́mórì káàdì tí a fi kún un kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, inú fóònù gan-an ni ọ́pùdéètì ń bọ́ sí.

Níbo ni àyè wá lọ? Lọ́pọ̀ ìgbà, WhatsApp ni: fídíò Ọjọ́ Lísàbí, fídíò ìsìnkú, àdúrà òwúrọ̀ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́. Ẹ wọ Settings inú WhatsApp, ẹ tẹ Storage and data, kí ẹ tẹ Manage storage. Yóò to àwọn fáìlì tó ju 5 MB lọ síbì kan, yóò sì fi ẹni tàbí ẹgbẹ́ tó gba àyè jù ṣíwájú. Ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pa wọ́n rẹ́, torí fọ́tò òbí tó ti lọ lè wà láàárín wọn. Tí bíi 2 GB bá ṣófo, ọ̀pọ̀ ọ́pùdéètì á lọ wọ́ọ́rọ́.

Àyẹ̀wò ló kàn, òun ni mo sì mọyì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ápù Android kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe é, tí olúwarẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ tẹ̀. Bí ọ́pùdéètì bá dé, fóònù á fi òǹtẹ̀ ara rẹ̀ wé ti ápù tó wà nílẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, á kọ App not installed, ó sì lè má sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Inú lè máa bí wa, ṣùgbọ́n ààbò wa ni. Ápù báǹkì yín ní yàrá tirẹ̀ nínú fóònù, tí ápù mìíràn ò lè wọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá lè fi òǹtẹ̀ mìíràn ṣe ọ́pùdéètì rẹ̀, inú yàrá yẹn gan-an ni olè ì bá gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí GBWhatsApp, àdàkọ WhatsApp tí àwọn mìíràn ṣe, ò fi lè di ọ́pùdéètì fún WhatsApp: ọwọ́ tó ṣe wọ́n yàtọ̀.

Àwọn tó ń gba ápù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ lórí Xender ní ìṣòro mìíràn. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni Google ti ní kí ápù tuntun máa wá sí Play Store ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Android App Bundle: Play Store á ṣẹ́ èyí tó bá fóònù kọ̀ọ̀kan mu fún un, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ojú rẹ̀, irú ṣípù inú rẹ̀ àti èdè tí onífóònù yàn. Ohun tí wọ́n ṣẹ́ fún fóònù ọ̀rẹ́ yín lè má bá tiyín mu, tàbí kó jẹ́ pé ìdajì ló dé ọ̀dọ̀ yín.

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá wà létòlétò tí kò sì lọ, ẹ wọ Apps nínú Settings fóònù, ẹ wá Google Play Store, ẹ tẹ Clear cache. Àwọn ohun ìgbà díẹ̀ tó ti kó jọ ló máa dànù. Tí kò bá tíì lọ, ẹ tẹ Clear data, tí fóònù mìíràn ń pè ní Clear storage. Lórí Play Store, kò ní pa ápù yín kankan. Lórí WhatsApp, bọ́tìnì yìí kan náà á gbá gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lórí fóònù lọ. Ẹ wo orúkọ tó wà lókè dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà mìíràn, ẹ̀bi ò sí lọ́dọ̀ wa rárá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, àṣìṣe kan láti ọ̀dọ̀ Google fúnra wọn nínú Android System WebView, ohun tí àwọn ápù fi ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, mú kí Gmail àti ọ̀pọ̀ ápù máa pa ara wọn dé káàkiri ayé. Kò tún rí bó ṣe yẹ títí tí Google fi gbé ọ́pùdéètì tuntun jáde. Bó bá jẹ́ pé fóònù gbogbo ará ìsọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ fún un ní ọjọ́ kan kí ẹ tó gbé e lọ fún ẹnjiníà ní Pánsẹ́kẹ́.

Tó bá wá di dandan pé kí ẹ pa ápù rẹ́, ti báǹkì kì í fi bẹ́ẹ̀ léwu, torí ọ̀dọ̀ báǹkì ni owó àti àkọsílẹ̀ wà. Ti WhatsApp yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọ Chats nínú Settings rẹ̀, ẹ ṣe Chat backup, kí ẹ sì rí i pé déètì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti òní. Nígbà tó bá padà dé, yóò fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí láìnì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí láìnì náà ò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kó má tíì fọwọ́ kan Uninstall.