Ilé Ọtí Àwọn Ará Írẹ́lándì àti Ohun tí ń Mú Un Dára

Ọtí àwọn ará Írẹ́lándì ti di mímọ̀ ní ilẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń mu ún ṣì ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 1759 ni Arthur Guinness gba ilẹ̀ kan ní St James's Gate ní ìlú Dublin, tí ó sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò máa san £45 lọ́dọọdún fún 9,000 ọdún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n sì ti ń pọn ọtí dúdú rẹ̀ ní Ìkẹjà. Ìgò ni ó bá wa dé. Ilé náà kò bá a dé. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí Írẹ́lándì kí wọ́n lè jókòó ní ilé ọtí fún ìrọ̀lẹ́ kan, ọkàn wa a máa sọ fún wa pé ọtí ni wọ́n wá mu. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó bá ń wá ọtí nìkan lè rà á ní ọjà ní iye tí kò tó ti ilé ọtí, kí ó sì lọ mu ún ní iyẹ̀wù rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ọ̀rọ̀ sísọ ni ọjà tí wọ́n ń tà ní ilé náà, àti pé ọtí kàn jẹ́ owó oníbodè tí à ń san kí a tó dé ìdí ọ̀rọ̀ ni.

Kí a kọ́kọ́ wo orúkọ rẹ̀. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pub jẹ́ àgékúrú ọ̀rọ̀ méjì tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ ilé gbogbo ènìyàn. Ní Írẹ́lándì, ọ̀rọ̀ náà bá òtítọ́ mu ju ibi púpọ̀ lọ, nítorí pé ilé tí ẹbí kan ń gbé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Iwájú ilé ni wọ́n ti ń tajà, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń sùn sí. Orúkọ ẹbí náà ni wọ́n ń kọ sí òkè ẹnu ọ̀nà títí di òní. Ní ìgbèríko, káńtà kan náà ni wọ́n ti ń ta ọtí, tíì, ìṣó àti okùn. Ní Dingle, ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù ilẹ̀ náà, ilé ọtí kan tí ń jẹ́ Dick Mack's ní káńtà ọtí ní ọwọ́ kan àti ti oníṣẹ́ awọ ní ọwọ́ kejì. Àwọn onílé ọtí mìíràn a tún máa ṣe iṣẹ́ ìsìnkú: wọn a bu ọtí fún ọ nígbà ayé rẹ, wọn a sì gbé ọ sin nígbà tí ó bá yá. Mo sọ gbogbo èyí kí ó lè yé wa pé ẹni tí ó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oníbàárà lásán. Àlejò ni lábẹ́ òrùlé ẹlòmíràn, onílé sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan ń fi ọjọ́ orí ilé wọn yangàn. Brazen Head ní Dublin ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 1198, Sean's Bar ní Athlone sì ń sọ pé láti nǹkan bí ọdún 900 ni òun ti wà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn opìtàn. Ilé lè gbó kí ó má dùn.

Káńtà ni ojúbọ ilé náà. Ẹni tí ó bá jókòó sí ìdí rẹ̀ ti fi hàn láìlanu pé òun kò kọ ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá gbé ife rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ ti fi hàn pé òun fẹ́ dá wà. Agbọ́tí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa ka àwọn àmì wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí babaláwo ti ń ka ojú ọpọ́n. Kò ní da ẹni tí ń káàánú ara rẹ̀ láàmú. Bí ó bá sì rí àlejò tí ojú rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, yóò ju ọ̀rọ̀ kan sí i, yóò fi ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì yọ ara rẹ̀ kúrò ní àárín wọn. Ọgbọ́n kékeré kọ́ ni èyí. Mo gbà pé òun ni ó pààlà láàrin ilé ọtí tí ó dára àti èyí tí kò dára, ju ohun gbogbo tí a lè fi owó rà lọ.

Ọtí dúdú pàápàá ń ran agbọ́tí lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí. A kì í dà á kún ife lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Agbọ́tí yóò fi ife sí ẹ̀gbẹ́, yóò dà á dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, yóò gbé e kalẹ̀, yóò sì dúró títí ohun tí ń rú bí omi ẹrẹ̀ yóò fi tòrò di dúdú, tí ìfòfó funfun yóò sì gun orí rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò tó kún un dé ẹnu. Láyé àtijọ́, inú àgbá méjì ni wọ́n ti ń bu ife kan. Ní ọdún 1959, Michael Ash, onímọ̀ ìṣirò kan tí ń bá ilé iṣẹ́ Guinness ṣiṣẹ́, rí ọ̀nà láti lo afẹ́fẹ́ náítírójìn nínú àgbá kan ṣoṣo, èyí ni ó sì mú kí ìfòfó náà kúnná bẹ́ẹ̀. Gbogbo ètò náà ń gbà tó ìṣẹ́jú méjì. Àwọn tí ń polówó ọjà ti fi ìṣẹ́jú méjì yìí ṣe ohun ìyanu, ṣùgbọ́n ìwúlò rẹ̀ lójú tèmi ni pé ẹni tí ń dúró de ọtí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó kí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó sì sọ nǹkan nípa òjò. Òjò kò sì wọ́n ní Írẹ́lándì.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mẹ́rin bá jọ jókòó, ẹnì kan yóò dìde, yóò ra ife mẹ́rin. Bí ìwọ̀nyí bá ti ń tán lọ, ẹlòmíràn yóò dìde, yóò ra mẹ́rin mìíràn, títí yóò fi kan gbogbo wọn. Round ni wọ́n ń pè é. Ní èdè tiwa, àáró ni n ó pè é, nítorí pé bí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń jọ ro oko Àjàyí lónìí kí wọ́n lè jọ ro ti Òjó lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Kò sí ẹni tí ń kọ gbèsè náà sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí ó bá mu ti ẹni mẹ́ta tí ó wá rántí pé ìyàwó òun ń retí òun nílé, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ ní àdúgbò náà. Àlejò tí ó bá sì fi ìwà ọlọ́lá sọ pé òun nìkan ni yóò san gbogbo owó náà ti ṣẹ̀ bákan náà, nítorí pé ó ti gba ẹ̀tọ́ àtisan lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ohun tí àáró yìí ń ṣe ni pé ó ń so àwọn ènìyàn mọ́ ìjókòó: bí gbèsè bá ti wà láàrin wa, ọ̀rọ̀ kò lè tètè tán.

Níbẹ̀ gan-an ni ewu ilé náà wà. Ẹni mẹ́fà kò lè ṣe àáró kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má mu ife mẹ́fà, bí ọ̀kan tilẹ̀ ti tó o tẹ́lẹ̀. Ìyà tí ọtí fi jẹ àwọn aya àti ọmọ ní ilẹ̀ náà kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ní ọdún 1838 ni Theobald Mathew, àlùfáà kan ní ìlú Cork, bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀jẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn pé wọn kò ní fẹnu kan ọtí mọ́. Ní ọdún 1898, àlùfáà James Cullen dá ẹgbẹ́ Pioneer sílẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi àmì kékeré sí àyà aṣọ wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1902 ẹgbẹ́ mìíràn tún dìde tí ó gbógun ti àáró nìkan: ọmọ ẹgbẹ́ náà lè mu ọtí tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rà fún ẹlòmíràn, kò sì gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn wọ̀nyí mọ ibi tí agbára ilé ọtí wà. Ilé tí ó dára lónìí ni èyí tí ẹni tí kì í mutí ti lè béèrè fún tíì tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò láìsí ẹni tí yóò wò ó tìyanu-tìyanu.

Ọ̀rọ̀ wo wá ni wọ́n ń sọ? Wọ́n ní orúkọ kan fún adùn rẹ̀, craic, tí àwọn àlejò rò pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àtayébáyé ní èdè Írẹ́lándì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìhà àríwá ni ní tòótọ́. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni wọ́n fi àkọtọ́ tiwọn wọ̀ ọ́ láṣọ. Ìtàn, ẹ̀fẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹṣin sísá, ìṣèlú, òkú ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pò pọ̀. Ènìyàn kì í fi ipò tàbí owó rẹ̀ ṣe fọ́ńté níbẹ̀. Wọ́n a sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ gidigidi. Ẹni tí wọn kò bá tíì fi ṣe yẹ̀yẹ́, àlejò ni wọ́n ṣì kà á sí. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ bí a ti ń dá àpárá ní ìdí ayò kò ní pẹ́ kí ó tó mọ̀ ọ́n.

Ní ti orin, ọ̀pọ̀ àlejò rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń fi gòjé òyìnbó àti fèrè ṣeré ní ilé ọtí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilé àwọn aládùúgbò àti oríta ni wọ́n ti ń ṣeré láyé àtijọ́. Ní ọdún 1935 òfin kan jáde pé kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ṣí gbàgede ijó láìgba ìwé àṣẹ, àwọn àlùfáà àti ọlọ́pàá sì lò ó láti fọ́n ijó inú ilé ká. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ Írẹ́lándì tí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ kọ́lékọ́lé ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní yàrá tí ó gba ènìyàn mẹ́ta. Ilé ọtí ní Camden Town àti àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé ṣeré. Ní ọdún 1951 wọ́n dá ẹgbẹ́ Comhaltas Ceoltóirí Éireann sílẹ̀ ní ilé, ọdún orin rẹ̀ sì ń kó àwọn olórin kún inú àwọn ìlú kéékèèké. Nígbà tí ó fi di ọdún 1962, àwọn tí a wá mọ̀ sí The Dubliners ti ń ṣeré ní ilé O'Donoghue's ní Dublin. Eré tí ó dára kì í ṣe eré orí ìtàgé. Àwọn olórin a jókòó yí tábìlì ká, wọn a kọjú sí ara wọn. Ọ̀rọ̀ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àfi bí ẹnì kan bá dá orin kọ láìsí ohun èlò, nígbà náà ni gbogbo ilé yóò dákẹ́. Àlejò tí ó bá jókòó sí àga olórin láìbéèrè, tàbí tí ó gba ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní bodhrán tí ó sì ń lù ú bí ẹni gún iyán, kò ní rí ẹni bú u, ṣùgbọ́n eré yóò tú.

A kò lè pe ilé yìí ní ilé gbogbo ènìyàn kí a má sọ ti àwọn tí wọ́n tì síta. Yàrá kékeré kan a máa wà lẹ́bàá káńtà, tí wọ́n ń pè ní snug, tí ó ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé kóńkó tí a ń ti ibẹ̀ gba ọtí. Lónìí àwọn arìnrìn-àjò ń jà du ìjókòó inú rẹ̀ nítorí ẹwà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni obìnrin ń sá pamọ́ sí kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Títí di àwọn ọdún 1970, àwọn ilé kan kò jẹ́ ta ife ńlá fún obìnrin. Nígbà náà ni Nell McCafferty, oníwèé ìròyìn, àti àwọn obìnrin bí ọgbọ̀n wọ ilé kan lọ, wọ́n béèrè bránńdì, wọ́n sì gbà á. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn wá béèrè ife ńlá bíà tí agbọ́tí kọ̀, wọ́n mu bránńdì wọn tán, wọ́n sì jáde láìsanwó. Òfin ọdún 2000 ni ó fi òpin sí i pátápátá. Ó kà á léèwọ̀ láti kọ̀ fún ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, tàbí nítorí ẹ̀yà rẹ̀, tàbí nítorí pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Traveller, ẹ̀yà aláìdúró-sójú-kan tí ọ̀pọ̀ onílé ọtí ti ń lé sẹ́yìn. Òfin nìkan kò lè fa ènìyàn wọ inú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn.

Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn ilé iṣẹ́ ní Dublin ti ń kan káńtà, àga àti pátákó orúkọ, tí wọ́n ń kó wọn ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n lè tò wọ́n di ilé ọtí Írẹ́lándì. Ohun tí a kò lè kó sínú ọkọ̀ ni agbọ́tí àti àwọn aládùúgbò. Ẹ fi wé ilé Kavanagh's ní Glasnevin, tí ó wà lẹ́bàá ibi ìsìnkú ńlá Dublin láti ọdún 1833, tí wọ́n ń fi àwọn agbẹ́sàréè pe orúkọ rẹ̀. Kò sí orin níbẹ̀, kò sí tẹlifíṣọ̀n. Ìjókòó pákó àti ohùn ènìyàn ni ó wà, ilé náà sì ń kún.

Bí àwọn àwòkọ ti ń pọ̀ sí i lókèèrè ni ojúlówó ń dínkù nílé. Láàrin ọdún 2005 sí 2021, ilé ọtí tí ó ju 1,500 lọ ni ó ti ilẹ̀kùn, pàápàá ní ìgbèríko. Ọtí ọjà ń gbowó kékeré. Àwọn ọmọ kò fẹ́ jogún iṣẹ́ tí ń mú ènìyàn pẹ́ sùn. Ní ọdún 2011 wọ́n sì dín ìwọ̀n ọtí tí ẹni tí ń wakọ̀ lè mu kù. Òfin tí ó tọ́ ni, ó sì gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ arúgbó tí ó ń dá gbé ní orí òkè, tí kò sí ọkọ̀ èrò ní abúlé rẹ̀, pàdánù ibì kan ṣoṣo tí ó ti ń gbọ́ ohùn ọmọ ènìyàn ní alẹ́. Àrùn Kòfíìdì tún ti gbogbo wọn pa ní oṣù kẹta ọdún 2020. Nígbà tí ó di ọdún 2021 tí àwọn kan fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí ibi tí ilé Cobblestone wà ní Smithfield ní Dublin, tí àwọn olórin mọ̀ bí ẹní mọ owó, àwọn ènìyàn gbé pósí rìn kiri ìgboro pẹ̀lú fèrè àti gòjé, ìgbìmọ̀ ìlú náà sì kọ̀ láti fún wọn láṣẹ ìkọ́lé.

Àwọn ọmọ wa kò kéré mọ́ ní Dublin láti ìparí àwọn ọdún 1990. Bí ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé wa bá dé ibẹ̀, kí ó yan ilé tí orúkọ ẹbí wà lókè ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ nígbà tí agbọ́tí ráyè, kí ó sì jókòó sí ìdí káńtà. Kò pọn dandan kí ó dọ̀bálẹ̀ kí àgbàlagbà. Kí ó mi orí díẹ̀, ó ti tó. Bí ẹnì kan bá sì ra nǹkan fún un, kí ó mọ̀ pé òun ni ó kàn, kódà bí omi lásán ni ó ń mu.