Ọmọ Tó Tóbi Nínú Oyún: Ohun Tó Yẹ Kí Ìyá Bèèrè Kó Tó Rọbí

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, nínú àwọn ọmọ òrukàn tí sàká yín ń tọ́, àwọn kan wà tí ìyá wọn kú lórí ìkúnlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá.

Bí obìnrin bá bí ọmọ ńlá, ayọ̀ ni fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wọn kílò 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè mú ewu wá. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó ń fà á ni ìtọ̀ ṣúgà: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ń kọjá sára ọmọ, èjìká rẹ̀ á fẹ̀. Orí á jáde, èjìká á há sẹ́yìn egungun abẹ́ ìyá. Agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ á ká ẹsẹ̀ ìyá méjèèjì sókè sí ikùn rẹ̀, ẹlòmíràn á fọwọ́ tẹ òkè egungun abẹ́ náà kí èjìká lè yẹ̀. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á máa fa ọmọ lọ́rùn, tàbí kó máa tẹ òkè ikùn. Fífà yẹn lè ba àwọn iṣan tó so ọrùn mọ́ apá jẹ́, apá ọmọ á sì rọ.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀bi dókítà o. Ọmọ tí kò tó kílò 4 náà ń há, skáànù sì máa ń ṣi ìwọ̀n ọmọ. Níbo wá ni ẹ̀bi wà?

Ẹ wo ẹjọ́ kan láti ilẹ̀ Scotland. Nadine Montgomery kúrú, ó sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó ti sọ fún dókítà pé ìtóbi ọmọ náà ń ba òun lẹ́rù. Dókítà mọ̀ pé nínú irú ìyá bẹ́ẹ̀ 100, ó tó 9 tàbí 10 tí èjìká ọmọ wọn lè há, kò sì sọ fún un. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, orí ọmọ jáde, ìṣẹ́jú 12 kọjá kí ara tó tẹ̀lé e. Ọpọlọ ọmọ náà àti apá rẹ̀ kan fara pa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ẹjọ́ dá ìyá lẹ́bi, kó tó jàre ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Britain ní 11 March 2015. Owó gbà-má-bínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Àìsọ yẹn ni ẹ̀bi.

Nàìjíríà náà ní irú òfin yẹn. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní kí oníṣègùn sọ ipò ara aláìsàn fún un, pẹ̀lú ọ̀nà ìtọ́jú, ewu rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Bí dókítà bá ṣe àìbìkítà, Medical and Dental Council ló ń gbọ́ ẹ̀sùn. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, ẹni tó ń wo aláìsàn láìmọṣẹ́ ni yóò dáhùn fún ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, "àmúwá Ọlọ́hun ni" la fi ń pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé. Èmi gba kádàrá gbọ́, ṣùgbọ́n kádàrá kò ní ká má bèèrè.

Kí aláboyún yẹ ṣúgà wò láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Kó bèèrè pé: báwo ni ọmọ mi ṣe tóbi tó? Ṣé ẹ lè ṣiṣẹ́ abẹ níbí? Bí kò bá ṣeé ṣe, ta ni yóò gbé mi lọ sí FMC Ọ̀wọ̀, mọ́tò ta sì ni? Kí ọkọ wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń bèèrè.

Aláìní lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká, owó àyẹ̀wò yìí sì wà lára ohun tí a lè fi sàká san. Ẹni tó bá mọ aláboyún tí kò lówó rẹ̀ ní Ìsùàdà àti agbègbè rẹ̀, kó mú orúkọ rẹ̀ wá fún akọ̀wé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.