Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ohun Tí Ó Ti Jẹ Nínú Họ́ọ̀bù Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́: Iṣẹ́ Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní Kàdúná

Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni ìlú Kàdúná wà, ní ẹ̀bá odò tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ni oníkẹ̀kẹ́ lára. Kí alùpùpù tó gba ìgboro, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gùn lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ, tí Kaduna Textiles Limited jẹ́ àgbà fún, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957 tí ó sì kógbá wọlé ní 2002. Lónìí, bí ènìyàn bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ ní ìgboro, ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta tí ń kó èrò ni ọkàn olùgbọ́ yóò kọ́kọ́ lọ sí, èyí tí orúkọ ètò NAPEP tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2001 ti lẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀-méjì kò tíì kúrò nílẹ̀. Òun náà ń ru èédú, igi ìdáná àti àpò ọkà, ẹrù wọ̀nyí ni ó sì ń ba họ́ọ̀bù ẹ̀yìn jẹ́.

Họ́ọ̀bù ni irin róbótó tí ó wà láàárín gbùngbùn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, níbi tí gbogbo sípóòkù ti ń jáde. Lára kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, irú Raleigh, sípóòkù 40 ni ó máa ń wà ní ẹ̀yìn, 32 ní iwájú. Àwọn tí ó ṣe é mọ ibi tí ìnira wà. Ọ̀pá irin kan gba inú họ́ọ̀bù kọjá. Férémù ni ó di ọ̀pá yìí mú, kì í yí. Họ́ọ̀bù ni ó ń yí. Láàárín ohun tí ń yí àti ohun tí kì í yí ni àwọn bọ́ọ̀lù irin wà, 9 ní apá ọ̀tún, 9 ní apá òsì, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 1/4 íǹṣì. Inú kọ́ọ̀pù tí a tẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù ni bọ́ọ̀lù jókòó sí; kóònù tí a yí mọ́ ọ̀pá ni ó sì ń tì wọ́n mọ́ ibẹ̀.

Họ́ọ̀bù, kóònù, kọ́ọ̀pù, bọ́ọ̀lù: ọ̀rọ̀ àyálò ni gbogbo wọn. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí ìdìpọ̀ kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní 1984 tí èkejì sì jáde ní 1990, kò kàn wọ́n, nítorí pé èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dá lé. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ tilẹ̀ jẹ́ àyálò, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ àìsàn rẹ̀ kì í ṣe àyálò rárá. Kóònù a máa jẹ, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ a máa jó, họ́ọ̀bù a máa ké, nọ́ọ̀tù a sì máa dẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ní àgbọ́yé ti mọ ìdajì iṣẹ́. Ẹ wo bí ‘jẹ’ ṣe ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín: kò gba àbọ̀, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó jẹ ẹ́.

Bí a bá tilẹ̀ béèrè, ìdáhùn kò jìnnà. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ni ọyẹ́ ń gbé eruku kíkúnná wá láti apá aṣálẹ̀. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ a rọ́pò rẹ̀. Bí eruku bá ti dà pọ̀ mọ́ gíríìsì, ohun tí ó yẹ kí ó máa mú bọ́ọ̀lù yọ̀ ti di ohun tí ń lọ̀ ọ́. Kóònù ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ. Nítorí pé òun kì í yí, apá kan náà lára rẹ̀, èyí tí ó kọjú sílẹ̀, ni ìwúwo ẹrù ń tẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kọ́ọ̀pù ní tirẹ̀ ń bá họ́ọ̀bù yí, nítorí náà ìyà náà ń kárí gbogbo ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Kóònù kò wọ́n, kò sì ṣòro láti pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi èyí tí ó ti jẹ sílẹ̀, èérún irin tí ń bọ́ lára rẹ̀ yóò ba bọ́ọ̀lù jẹ́, bọ́ọ̀lù yóò sì ba kọ́ọ̀pù jẹ́. Nígbà náà, odidi họ́ọ̀bù ni a sábà máa ń rà, sípóòkù 40 ni a ó sì tú kí a tó lè fi í sí i. Ẹni tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun yóò wá pàdánù iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nítorí ohun tí kì bá tí gbà ju wákàtí kan sí méjì lọ.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí ó mọṣẹ́ kì í fi ojú lásán wò ó. Yóò gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, yóò di táyà mú, yóò tì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì, àlàfo ti wà nínú. Yóò sì fi ọwọ́ kan yí i díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kejì lórí férémù. Bí kóònù bá ti jẹ, yóò dà bí ẹni tí ń lọ ata tí iyanrìn wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ti jáde tán, fíríwíìlì ni ó máa ń fa wàhálà, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá ń wa kẹ̀kẹ́ ni ó ń fún ara rẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù. Irinṣẹ́ tirẹ̀ ni a fi ń yọ ọ́, kì í ṣe òòlù, apá òsì ni a sì ń yí i sí. Ìdérí ara fíríwíìlì yàtọ̀ ní tirẹ̀: apá ọ̀tún ni ó ti ń tú. Kò tilẹ̀ sí ìdí láti ṣí i nítorí kóònù. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò fi ọjọ́ náà ṣa bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ nílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a ó tú nọ́ọ̀tù, wáṣà àti kóònù apá òsì, a ó sì tò wọ́n sórí aṣọ bí wọ́n ṣe ń jáde. A ó fa ọ̀pá jáde láti apá ọ̀tún, pẹ̀lú kóònù kejì lára rẹ̀, abọ́ nísàlẹ̀ láti gba bọ́ọ̀lù. A ó fi kẹrosíìnì fọ gbogbo wọn. Ìlà dídán kan yípo kóònù kò burú. Ihò wẹ́wẹ́ ni kò dára. Bí ojú bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí a fi ẹnu báírò tọ ipa náà yípo: ibi tí ó bá ti kọ́ ni kóònù ti jẹ. Bákan náà ni a ó yẹ kọ́ọ̀pù wò. Ní ti ọ̀pá, kí a yí i lórí gíláàsì títẹ́jú láti mọ̀ bóyá ó ti tẹ̀. Apá ọ̀tún ni ó sábà máa ń tẹ̀ tàbí kán sí, nítorí pé ibi tí fíríwíìlì gbà mú kí ọ̀pá gùn kọjá bọ́ọ̀lù láìsí ohun tí ó gbé e ró.

Kóònù àtijọ́ ni kí a mú lọ sí ọjà. Ọ̀pá 3/8 íǹṣì ti kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀pá mìlímítà 10 tí ó wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ Éṣíà jọ ara wọn lójú, ṣùgbọ́n kóònù ọ̀kan kò bá èkejì mu. Ẹni tí ó bá fi agídí yí i yóò ba ojú ọ̀pá jẹ́. Bọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni a ń pààrọ̀. Bí tuntun bá wà láàárín àwọn tí ó ti jẹ, òun nìkan ni yóò ru ẹrù gbogbo wọn nítorí pé òun ni ó tóbi jù.

Gíríìsì tuntun nínú kọ́ọ̀pù ni yóò di bọ́ọ̀lù mú títí ọ̀pá yóò fi padà wọlé. Bí 9 bá ti jókòó tán, àlàfo kékeré lè kù láàárín wọn; kí a má ṣe fi ẹ̀kẹwàá dí i. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ìka yí kóònù òsì títí yóò fi kan bọ́ọ̀lù, a ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, a ó fi sípánà pẹlẹbẹ dì í mú kí ó má yí, a ó sì fún nọ́ọ̀tù mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà tó, nítorí pé nọ́ọ̀tù tí a ń fún tún ń ti kóònù síwájú. Bí ó bá le jù, bọ́ọ̀lù yóò gé kóònù tuntun. Bí ó bá dẹ̀ jù, ẹsẹ̀ yóò máa jó.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá padà sínú férémù, kí a tó so ṣéènì, ibi tí a ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ni a ó gbé sí ẹ̀gbẹ́, a ó sì fi í sílẹ̀. Irin ibẹ̀ wúwo díẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Bí ó bá rọra sọ̀kalẹ̀, tí ó mì lọ mì bọ̀ kí ó tó dúró, tí táyà kò sì mì nígbà tí a bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kóònù ti wà ní ipò rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tí kẹ̀kẹ́ náà bá ti ru ẹrù, a ó tún un yẹ̀ wò, nítorí pé bọ́ọ̀lù àti kóònù tuntun a máa jókòó mọ́ra díẹ̀ sí i.