Luigi Russolo: Ẹni tí ó fún Ariwo ní Ohùn

Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1914, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé eré Dal Verme ní ìlú Milano ní ilẹ̀ Ítálì. Lórí ìtàgé ni a to àpótí igi méjìdínlógún sí, tí ẹnu gbọọrọ bí ẹnu giramafóònù àtijọ́ sì yọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí eré tó wọra ni àwọn ènìyàn ti ń hó yèè, tí wọ́n ń súfèé, tí wọ́n sì ń sọ oríṣiríṣi nǹkan lu orí ìtàgé. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tí ó ṣe àwọn àpótí náà fò sílẹ̀ lọ bá wọn wọ̀yá ìjà. Ṣùgbọ́n òun tìkára rẹ̀ kò yẹsẹ̀, ó ń darí àwọn òṣèré rẹ̀ lọ títí iṣẹ́ fi parí. Luigi Russolo ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ariwo ni wọ́n pariwo jù lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

A bí Russolo ní ọdún 1885 ní Portogruaro, ìlú kékeré kan ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Ítálì. Dùùrù ilé ìsìn ni bàbá rẹ̀ ń tẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì sì kọ́ iṣẹ́ orin ní Milano. Òun nìkan ni ó yà sí ìdí àwòrán yíyà. Síbẹ̀ orin kò fi í lọ́rùn sílẹ̀: nínú àwòrán tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní La Musica ní ọdún 1911, ọkùnrin kan ni ó fi sí ìdí dùùrù, tí ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ ju méjì lọ, tí ìró sì ń yí jáde lára rẹ̀ bí ìgbì omi. Ní ọdún 1910 ni ó ti darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Futurismo, èyí tí akéwì Marinetti dá sílẹ̀, tí ìgbàgbọ́ wọn sì jẹ́ pé kí oníṣẹ́-ọnà kẹ̀yìn sí ohun àtijọ́ kí ó sì máa yin ẹ̀rọ àti eré sísá. Marinetti yìí kan náà ni ó kọ lẹ́tà sí i láti ojú ogun Balkan, tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe àfarawé ìbọn àti àgbá ní Adrianople. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn Pratella wá ṣe eré orin tuntun ní Róòmù ní oṣù kẹta ọdún 1913, ọkàn Russolo kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà ó kọ lẹ́tà gbangba sí Pratella, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní L'arte dei rumori, èyíinì ni Iṣẹ́-ọnà Ariwo.

Ó jẹ́wọ́ nínú lẹ́tà náà pé òun kì í ṣe olórin. Ìdí gan-an nìyẹn, ní tirẹ̀, tí òun fi ní ìgboyà. Ó ní ayé àtijọ́ dákẹ́ rọ́rọ́, àti pé ẹ̀rọ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó bí ariwo. Àsọdùn ọ̀dọ́ ni èyí. Ẹni tí ó bá ti gba ẹ̀bá ilé àgbẹ̀dẹ kọjá rí, tàbí tí odó ti jí lójú oorun ní àfẹ̀mọ́júmọ́, mọ̀ pé ariwo ti wà ṣáájú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ó tọ̀nà nínú ohun kan: etí ará ìlú ńlá ti kọ́ láti gbọ́ ohun tí àwọn ohun èlò orin ìgbà náà kò lè dún.

Nítorí náà ó pín ariwo sí ìdílé mẹ́fà. Ìdílé kìn-ín-ní ni ti àrá, ìbúramúramù, àti ohun tí ó ń bú gbàù; èkejì ni ti òòfé àti atẹ́gùn tí ń fẹ́ fìì; ẹ̀kẹta ni ti wúyẹ́wúyẹ́; ẹ̀kẹrin ni ti ohun tí ń han, tí ń kùn, tí ń ta pàràpàrà; ẹ̀karùn-ún ni ti ohun tí a lù, ìbáà ṣe irin, igi, awọ, òkúta tàbí ìkòkò; ẹ̀kẹfà ni ti ohùn ẹranko àti ènìyàn, láti igbe dé ẹkún. Ìyàlẹ́nu ni pé ó kó ìlù, tí ó jẹ́ odidi ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, sínú ìdílé karùn-ún pẹ̀lú ìkòkò. Orúkọ tí ó sọ àwọn àpótí rẹ̀ bá ìpín yìí mu: bí a bá fi Yorùbá pè wọ́n, a ó ní Abúramúramù, Asúfèé, Akùn-bí-oyin, Abẹ́-gbàù.

Kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye bí àpótí náà ti ń ṣiṣẹ́. Okùn kan wà nínú rẹ̀ tí a so mọ́ àárín awọ tí a kàn bí awọ ìlù. Bí òṣèré bá ń yí irin tí ó wà lẹ́yìn àpótí, kẹ̀kẹ́ kan nínú rẹ̀ a máa ha okùn náà; okùn a gbọ̀n, awọ a gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, ìró a sì gba ẹnu gbọọrọ náà jáde. Lókè ni ọ̀pá kan wà tí ó ń tì síwá-sẹ́yìn. Bí ó ti ń tì í ni okùn ń le tàbí tí ó ń dẹ̀, tí ohùn sì ń gòkè tàbí tí ó ń wálẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí onídùndún tí ó ń fún ọṣán ìyáàlù lábẹ́ apá ti rí ìpìlẹ̀ ọgbọ́n yìí, bí ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà dé ibẹ̀ tilẹ̀ jìn sí ara wọn.

Níhìn-ín ni àwọn tí ń sọ pé Russolo da ohùn nù ti ṣìnà. Ohun tí ó ń lé kiri ni pé ariwo kọ̀ọ̀kan ní ohùn kan tí ó borí nínú rẹ̀, àti pé a lè gbé ohùn náà sókè kí a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìsọ ariwo di ohun mìíràn. Àbùkù rẹ̀ wà níbòmíràn. Bí dùndún bá gòkè tí ó sì sọ̀kalẹ̀, èdè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí a kì mọ̀ pé a kí òun. Kò sí èdè kankan lẹ́yìn àpótí Milano. Àkọlé nìkan, bí “Jíjí Ìlú kan”, ni ó wà láti tọ́ olùgbọ́ sọ́nà, kò sì tó.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1914 ó gbé àwọn àpótí náà dé gbọ̀ngàn Coliseum ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń yin ogun tipẹ́. Orí kan tilẹ̀ wà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1916 lórí ariwo ojú ogun. Ó wọ iṣẹ́ ológun, ní ọdún 1917 ó sì fi orí gba ọgbẹ́ tí ó dá a dúbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyìn yẹn wọ́n án lówó.

Ní ọdún 1921 ó ṣe eré mẹ́ta ní Párìsì. Ó tún ṣe Rumorarmonio, àpótí kan ṣoṣo tí a kó ọ̀pọ̀ ariwo sí, kí ẹnì kan lè máa darí gbogbo wọn. Wọ́n ń lò ó láti fi gbe sinimá tí kò ní ohùn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí sinimá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sí Ítálì, ó ń gbé ní ẹ̀bá adágún Maggiore, ó tún gbá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àwòrán mú, ó sì kú ní ọdún 1947. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Pierre Schaeffer fi ariwo ọkọ̀ ojú irin ṣe orin ní ilé rédíò ní Párìsì. Láti ọdún 1979 ni Masami Akita ní Tokyo, tí òun náà kọ́ àwòrán kí ó tó di aláriwo, sì ti ń gbé ariwo jáde lábẹ́ orúkọ Merzbow.

Àwọn àpótí Russolo kò sí mọ́. Wọ́n sọnù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí Luciano Chessa tún mẹ́rìndínlógún ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, àwòrán, ìwé àṣẹ àti àlàyé inú ìwé ni ó fi ṣe atọ́nà. Orin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Antonio ni a gbọ́ nínú àwo kan tí ó ṣẹ́ kù láti ọdún 1920 sí i. Gòjé àti fèrè ni ó gba iwájú nínú àwo náà. Àwọn àpótí ń kùn lábẹ́ wọn, wọn kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dákẹ́.