Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí Gmail ṣe ń dá lẹ́tà yín padà

Bí ẹ bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí Gmail, ọ̀rọ̀ kékeré kan máa ń yọ nísàlẹ̀: “Undo”. Ẹ tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà náà á padà sọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣe ni Google lọ gbà á lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Rárá o, lẹ́tà ọ̀hún kò tíì kúrò lọ́dọ̀ Google ni. Wọ́n dá a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹ lè sọ ọ́ di 10, 20 tàbí 30 nínú settings. Tí àkókò yẹn bá kọjá, ẹyin ti fọ́ nìyẹn. Ọdún 2009 ni Google gbé “Undo” yìí jáde fún ìdánwò.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé kì í bi yín pé, “Ṣé ó dá yín lójú?” Ìbéèrè yẹn kì í sábà gbani, torí ọwọ́ ti mọ́ ọn lára: a ó ti tẹ “Bẹ́ẹ̀ ni” kí ojú tó kà á. Ẹ̀yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán ni àṣìṣe máa ń hàn sí wa.

WhatsApp náà ṣe irú rẹ̀ ní ìparí 2022: bí ẹ bá ṣèèṣì pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ fún ara yín nìkan, ẹ ní ìṣẹ́jú àáyá 5 láti dá a padà.